Wákàtí Kan Ló Kù Kí N Dé Ọ̀dọ̀ Sùlé

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fi orí jì mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Iyè mi ti dà bí ayùn tí eyín rẹ̀ ti ká: ó ń gé níhìn-ín, ó ń fò lọ́hùn-ún. Tí mo bá fi ohun tó kẹ́yìn ṣáájú, ẹ bá mi tò ó. Orúkọ ìlú tí mo lọ, mi ò lè pè é. Nígbà tí mo wà níbẹ̀ gan-an, mi ò lè pè é. Ṣẹ̀rífá ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, torí èmi ò mọ̀wé. Igi lílà ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe, láti ìgbà tí a ti ń fi ọwọ́ fa ayùn nínú kòtò, ẹnì kan lókè, ẹnì kan nísàlẹ̀, nínú igbó Ìmùṣin ìlú wa, títí ẹ̀rọ fi dé.

Àtìgbà tí mo ti dé ni wọ́n ti ń bi mí ní mọ́ṣáláṣí: "Bàbá Mùtíá, báwo lọ̀hún ṣe rí?" Mo máa ń ní, "Ó dáa." Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní tí wọ́n bá fi ẹ̀mú fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ẹ̀mú náà ló máa kán. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ìrìn yìí, mi ò fẹ́ kó bá mi wọlẹ̀ lọ.

Ohun tó gbé mi dìde

Àbúrò kan ṣoṣo ni ìyá mi bí lé mi. Sùlé lorúkọ rẹ̀. Èmi la igi, òun lọ ilé ìwé. Ó di tíṣà, ó lọ sí Kánádà, ó sì ń kọ́ ọmọ ní ìlú kékeré kan lókè pátápátá, níbi tó dà bíi pé ilẹ̀ fẹ́ tán sí. Ó gbéyàwó níbẹ̀, ó bí Àmínà ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó ṣì máa ń pè mí, ó máa ń fi ibẹ̀ yangàn. Á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má rò pé inú igbó ni mo wà o! Wákàtí kan péré ni ọkọ̀ òfuurufú fi ń gbé wa dé ìlú tó kàn, ibẹ̀ la ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ míì." Wákàtí kan. Mo fi í sọ́kàn. Láti ilé wa dé Èkó ju wákàtí kan lọ.

Ìdájí ọjọ́ tí ìyá wa kú, mo ní kí wọ́n bá mi pè é. Ó ń sunkún. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí. Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́rin."

Mo ní, "Ọjọ́ mẹ́rin kẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ lo fẹ́ fi rìn wá ni?"

"Ọkọ̀ kì í jáde lójoojúmọ́ níbí, Bọ̀ọ̀dá. Ojú ọjọ́ náà ò dáa."

"Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ pé wákàtí kan ni. Sùlé, irọ́ lò ń pa. Ayé òyìnbó ti dùn mọ́ ọ, o ò fẹ́ wá sin ìyá rẹ."

Ó gé fóònù mọ́ mi létí.

A sin ìyá wa lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ náà, bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀. Mi ò jẹ̀bi ìyẹn, kò sí àáfà tó máa ní mo jẹ̀bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bínú. Àbúrò gé fóònù mọ́ ẹ̀gbọ́n létí! Mo ní kò gbọdọ̀ pè mí mọ́, àfi tó bá wá dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú àgbàlá wa. Òun náà ò wá. Ẹ mọ̀ wá nílé wa. Tí àgbà bá ti ní àbúrò ló máa kọ́kọ́ kí òun, ó parí nìyẹn. Ó lé ní ogún ọdún. Mùtíátù ọmọ mi, tóun náà ti wá lọ ń gbé ní Kánádà, á pè mí, á ní, "Bàbá, àbúrò yín ní kí n kí yín." Èmi á ní, "Kó wá kí mi fúnra rẹ̀."

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, Mùtíátù pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ọkàn Sùlé ti ń ṣàìsàn. Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́ láyé. Mo rò ó wò. Tí kò bá lè wọ ọkọ̀ mọ́, ta ló fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ nínú àgbàlá?

Mo ní, "Bá mi ṣe ìwé ìrìnnà."

Ìyá Mùtíá, ìyàwó mi, tó ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbójú sókè. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í sùn mọ́jú ní Ìjẹ̀bú-Òde?"

Mo ní, "Èmi náà."

Ìlú tí wọn kì í kíra wọn

Ti ọkọ̀ ńlá tó gbé wa kúrò ní Èkó, mi ò ní sọ ọ́. Àwọn tó ti lọ Mẹ́kà ti sọ ọ́ fún yín ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìlú ńlá tí Mùtíátù ń gbé ni mo kọ́kọ́ sọ̀ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, mo dé fìlà mi, mo jókòó kí àwọn tó ń lọ lè rí mi kí. Ọmọdé kọjá. Ọ̀dọ́ kọjá. Abiyamọ kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo ní bóyá wọn ò rí mi. Mo wúkọ́. Ọkùnrin kan yà sí apá kejì títì.

Mo sọ fún Mùtíátù. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Bàbá, wọ́n rò pé ara yín ò yá ni. Níbí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kí yín, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kí wọn."

"Èmi? Kí n máa kí ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ ọmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o."

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọbìnrin kan tó ń fa ajá kọjá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ará ilé kankan níbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ẹ̀rín tọ́mọ náà rín! Ó dúró, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ sọ àpèjúwe. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó tún dúró. Mo gbà pé ó kí mi dáadáa.

Èéfín

Ọkọ̀ òfuurufú méjì ló tún gbé èmi àti Mùtíátù lọ sókè, èkejì kéré ju èkíní lọ. Ibi tí èkejì já wa sí ni ìlú tí Sùlé máa ń sọ, pé wákàtí kan ló fi jìn sí tiwọn. Pápákọ̀ ibẹ̀ ò ju ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa lọ. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí, mo gbé ẹ̀wù lé ẹ̀wù. Ìgbà ooru wọn ni mo bá níbẹ̀, àti ẹ̀fọn tó sanra ju tiwa lọ. Àti èéfín. Igbó ń jó níbì kan tí a ò rí. Gbogbo ojú ọ̀run pupa bí epo. Bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ ni òórùn náà wọ̀ mí nímú, ó rán mi létí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí bàbá wa máa ń dáná sun oko, tí èmi àti Sùlé á mú igi lọ́wọ́, a á dúró de òkété lẹ́nu ihò. Òun ló máa ń sá tí òkété bá jáde. Kò sígbà tí mi ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Mùtíátù lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ó padà, ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. "Bàbá, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Bíi kéèyàn fò láti Èkó lọ sí Àbújá ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò lè gbéra lónìí. Awakọ̀ ò ríran nínú èéfín yìí."

Mo ní, "Ó dáa, jẹ́ ká wọ mọ́tò."

"Kò sí ọ̀nà mọ́tò, Bàbá."

"Ní Kánádà?"

"Omi àti igbó ni gbogbo ẹ̀. Tó bá di ìgbà òtútù, tí omi bá dì gbagidi, ìgbà yẹn ni mọ́tò ń gba orí omi kọjá."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣeré. Kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni àwọn tá a jọ ń dúró. Tó bá jẹ́ àwọn tiwa ni, wọn ì bá ti di ẹ̀wù awakọ̀ mú. Àwọn wọ̀nyí ṣáà jókòó. Bàbá àgbà kan wà láàrin wọn, ọdẹ ni, Jósẹ́fù ni wọ́n ń pè é, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ gan-an, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ó sọ nǹkan kan, gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo bi Mùtíátù ohun tó sọ.

"Ó ní kí ọkọ̀ yìí ṣáà dé kí irun òun tó funfun."

Mo wo orí rẹ̀. Ó funfun báláú.

Oòrùn tí kò fẹ́ wọ̀

Ilé àlejò kan wà lẹ́yìn pápákọ̀, ibẹ̀ la sùn, tá a bá lè pè é ní sísùn. Ẹ gbọ́ o, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn. Mo ṣe àlùwàlá, mo dúró síta, mò ń retí kí oòrùn wọ̀ kí n lè kí Mọ̀gàríbà. Oòrùn rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan orí igi, ó wá ń rìn gba orí igi lọ bí ewúrẹ́ tó ń fara nu ògiri, ó tún gòkè padà. Mo dúró títí ẹsẹ̀ ro mí. Nígbà tó yá a pe àáfà wa nílé. Òun náà ní kí n fún òun ní àyè díẹ̀. Ó padà pè, ó ní kí n máa lo àsìkò ìlú tó súnmọ́ ibẹ̀ jù lọ tí oòrùn ti ń wọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ṣe dàrú mọ́ mi lójú. Mo bi Mùtíátù pé, "Ṣé àná lòní ni?" Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ kẹta rèé."

Àmínà ń pè. Ó ní bàbá òun kò jẹun dáadáa, èémí rẹ̀ ń gé, ṣùgbọ́n ó ti ní kí wọ́n gbé àga òun sójú fèrèsé tó dojú kọ pápákọ̀. Tí ìró ọkọ̀ kankan bá wà, á ní, "Ṣé àwọn nìyẹn?" Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn Àmínà. Mùtíátù na fóònù sí mi. Mo mi orí. Ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Fóònù náà ló dá wàhálà sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Mo jáde. Wọ́n ti gé igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, kò nípọn ju itan mi lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó, torí ọwọ́ mi ò lè rí igi kó má kàn án. Igi tiwa, ìlà ọdún inú rẹ̀, ìlà kan fún ọdún kan, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Tibẹ̀ hàn, wọ́n sì fún mọ́ra bí ojú ewé ìwé. Mò ń fi èékánná kà á. Mo dé ọgọ́rin, mi ò tíì dé àárín. Igi tín-ín-rín yìí dàgbà jù mí lọ. Mo ṣí fìlà fún un. Ẹ̀yìn mi ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Jósẹ́fù ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà fi èékánná tirẹ̀ kà á, ó ṣí fìlà.

Ó mú ẹja jáde látinú àpò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi èéfín gbẹ, pupa rẹ̀ ń dán. Ó gé e fún mi. Ẹ̀yin ará ilé, ẹja yẹn! Mo wọlé, mo lọ bu gààrí tí Ìyá Mùtíá dì fún Sùlé, mo da omi tútù sí i nínú ife, mo fún un. Ó mu ún, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni tó bu ọsàn kíkan jẹ. Ó sọ nǹkan fún Mùtíátù.

"Ó ní ṣé ó ti bàjẹ́ ni, àbí bó ṣe máa ń rí nìyẹn?"

Mo ní, "Sọ fún un pé tí kò bá kan, kì í ṣe tilé wa."

Ó ronú sí i. Ó rún ẹja sínú rẹ̀, ó mu ún tán, ó na ife padà. Kó tó di pé a sùn, èèyàn mẹ́ta ti mú ife wá.

Orí àga níta ilé àlejò yẹn, pẹ̀lú ẹja lẹ́nu mi, ni ọ̀rọ̀ Sùlé ti wá yé mi. Òótọ́ ló sọ. Wákàtí kan ni. Ọjọ́ mẹ́rin náà sì ni. Bí òun náà ì bá ṣe jókòó de ọkọ̀ nìyí, kó máa wo ojú ọ̀run, ìyá rẹ̀ á ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìmùṣin. Mo sì pè é ní òpùrọ́. Mo bi Mùtíátù pé ṣé ọkọ̀ máa gbéra lọ́la. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tó báyìí." Ẹ̀rù ló ń bà mí. Kí n wá débẹ̀ kí n bá àga lásán lójú fèrèsé.

Àga ojú fèrèsé

Afẹ́fẹ́ yí padà ní ọjọ́ kẹrin, èéfín yà sápá kan, wọ́n ní ká sáré. Ọkọ̀ tó gbé wa, mo lè fọwọ́ kan òrùlé rẹ̀ láti ìjókòó mi. Omi ni mo ń rí nísàlẹ̀, omi lórí omi, kò sí ilé, kò sí ọ̀nà. Wákàtí kan lóòótọ́. Mi ò tíì parí tẹ̀sùbáà mi tán tí ọkọ̀ fi ń sọ̀ kalẹ̀.

Àmínà ló wá pàdé wa. Ojú ìyá mi ló wà lójú rẹ̀. Mi ò lè sọ ju "O káre" lọ.

Sùlé wà lórí àga náà. Ó ti rù. Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó di apá àga méjèèjì mú, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mo sáré. Àgbà bíi tèmi sáré! Mo gbá a mú léjìká.

"Jókòó. Ṣé o fẹ́ kú sí mi lọ́wọ́ ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n kí yín."

"Èmi ni mo wá kí ọ," mo ní. "Sùlé, báwo ni?"

Ó ń wò mí. Ó ní, "Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé."

"Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò nílùú tó kàn yẹn."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́rin gbáko."

Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí Àmínà fi sáré mú omi wá. Ó ní, "Àbí ẹsẹ̀ lẹ fi rìn wá ni, Bọ̀ọ̀dá?" Ó tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, "Irọ́ kọ́ lo pa fún mi. Mo ti rí ọ̀nà náà." A ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ Ìjẹ̀bú lẹ́nu èèyàn lójúkojú. Tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ ilé kan báyìí, á tún un sọ lẹ́nu jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ́ oyin lá. Mùtíátù fi ọ̀dùnkún òyìnbó se ohun kan, ó ní ìkọ́kọrẹ́ ni. Sùlé jẹ ẹ́ tán, ó ń yin ín. Èmi náà jẹ ẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ kọ́.

Lọ́jọ́ kejì ló ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ bí ẹ ṣe sin ín fún mi." Mo ní a sin ín dáadáa. Ó ní, "Rárá. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀. Ta ló pe àáfà, àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́, ibi tí ilẹ̀ ti le tí ọkọ́ ń dún lára òkúta, bí àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ ìjọ ṣe dúró lẹ́yìn ọgbà títí a fi kírun tán. Ó ń bi mí léèrè. Irú aṣọ wo ni wọ́n fi bò ó nínú ilé? Ta ló kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀? Ṣé òjò rọ̀? Ohun tí mo rò pé mo ti gbàgbé jáde wá. Lójoojúmọ́ ló ní kí n tún un sọ, tí mo bá fo nǹkan kan, á ní, "Ẹ fo ti òkúta." Mi ò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọjọ́ tí mo máa lọ, kò lè sìn mí dé pápákọ̀. Ó juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ gbéra lásìkò rẹ̀. Ó wù mí kí èéfín dé.

Àlàásárì

Ó lé díẹ̀ lóṣù mẹ́ta tí mo ti dé ilé, Mùtíátù pè mí lówùúrọ̀. Kó tó sọ ọ́, mo ti mọ̀. Ó ní Sùlé sùn, kò jí. Ó ní òtútù ti dé lọ́hùn-ún, ọkọ̀ ò ní pẹ́ máa ṣe ségesège. Ó wá ní, "Bàbá, Àmínà ní kí n bi yín. Ó ní ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ó ní òun lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e pamọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá. Ṣé kí wọ́n dúró dè yín?"

Mo wà nínú àgbàlá wa. Ìyá Mùtíá dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Sọ fún un kí wọ́n má dúró. Kí wọ́n sin bàbá rẹ̀ lónìí. Mo mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó."

Ṣẹ̀rífá, ó tó bẹ́ẹ̀. Kà á sókè fún mi, má sáré. Ibi tí Sùlé ti rẹ́rìn-ín yẹn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.